Ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ń tóbi sí i: ta ló mọ ẹjọ́ wa?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńlá méjì di ọ̀kan: Allen & Overy ti London àti Shearman & Sterling ti New York. Bíi 4,000 agbẹjọ́rò ló kóra jọ sábẹ́ orúkọ A&O Shearman. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n kéde pé àwọn máa dín àwọn associé kù, bíi 10 nínú 100, àwọn á sì ti ẹ̀ka wọn ní Johannesburg.

Wọ́n ń tóbi, wọ́n tún ń dín èèyàn kù. Báwo? Nínú irú ilé iṣẹ́ báyìí, àwọn associé ló jọ ni ín, àwọn ló ń pín èrè. Bí àwọn tó ń pín in bá dín kù, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan á pọ̀ sí i, àwọn àgbà tó ń mú oníbàárà wá kò sì ní tètè lọ síbòmíì.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè dá èèyàn dúró. Ẹ wo Dewey & LeBoeuf ní New York. Ìdàpọ̀ ilé iṣẹ́ méjì ló bí i lọ́dún 2007. Wọ́n ṣèlérí owó gọbọi fún àwọn associé kan, èrè ì báà wọlé, ì báà má wọlé. Ọdún 2008, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Gbèsè pọ̀, ìkùnsínú pọ̀, àwọn associé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn, oníbàárà sì ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2012, ilé iṣẹ́ náà wó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn o. Òfin UEMOA gba agbẹjọ́rò láyè láti ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè 8 tó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Cabinet Kútọnu lè bá ti Lómè tàbí Abidjan ṣe pọ̀. Kò burú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ cabinet tiwa ló dúró lórí Maître kan ṣoṣo. Stagiaire ló ń kọ ìwé, òun ló ń sáré lọ sílé ẹjọ́. Bí owó tó ń gbà kò bá tó jẹun, tí kò sì mọ ìgbà tí òun náà á di associé, á wá ibòmíì lọ, ohun tó mọ̀ nípa ẹjọ́ á sì bá a lọ.

Ta ló máa jìyà rẹ̀? Ará Kétu tó fi ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ni. Á dé ilé ẹjọ́ ní Pọ́bẹ̀, á bá ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú, owó ọkọ̀ á tún jáde.

Cabinet tó bá fẹ́ dàgbà, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ mọ bí owó ṣe ń pín, kó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, kó sì rí i pé ó kéré tán èèyàn méjì mọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwa náà ńkọ́? Kí a tó san owó, ẹ jẹ́ ká bi Maître pé: “Bí ẹ kò bá sí nílé, ta ló mọ ẹjọ́ mi?” Ká sì gba ẹ̀dà gbogbo ìwé wa sọ́wọ́.