Kíbọ́ọ̀dù dé, onílù ń dínkù: Ṣé jùjú kò ní pàdánù ohùn rẹ̀?

Bí ènìyàn bá dé òde àríyá l'Abẹ́òkúta lóde òní, kì í ṣe ohun ìyanu mọ́ kó bá ọkùnrin kan ṣoṣo nídìí kíbọ́ọ̀dù, tí ẹ̀rọ náà ń lu ìlù, tó ń ta gìtá, tó sì tún ń fun fèrè. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín ṣe tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ti ń dá a ṣe. Àwọn àgbà ń ráhùn pé ẹ̀rọ ti ba jùjú jẹ́. Àmọ́ ṣé ẹ̀rọ ló jẹ̀bi lóòótọ́?

Jùjú kò fìgbà kan kọ ohun èlò tuntun. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti so gìtá mọ́ iná mànàmáná. I.K. Dáíró, tó gba oyè MBE ní 1963, fi àkọ́díọ̀nù kún un. Olóyè Ebenezer Obey, tí wọ́n bí sí Ìdògò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1942, fi gìtá kún gìtá, síbẹ̀ ìlù kò kúrò nínú mílíkì rẹ̀.

Ní 1983, King Sunny Adé gbé àwo Synchro System jáde ní iléeṣẹ́ Island. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bá a fi kíbọ́ọ̀dù oníná àti ẹ̀rọ tó ń lùlù sí i. Òyìnbó jó o. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwo Aura ní 1984, bí Stevie Wonder tiẹ̀ kópa nínú rẹ̀, Island kò bá a ṣe mọ́. Nílé ńkọ́? Ní 1989, Sir Shina Peters gbé Ace jáde, ó mú ìlù yá kánkán, àwọn ọ̀dọ́ sì ya bo Afro-juju.

Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni pé ńṣe ni àwọn wọ̀nyí fi ẹ̀rọ kún onílù, wọn kò fi rọ́pò rẹ̀. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀, ọ̀rọ̀ owó ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àtigbé ogún ènìyàn lọ sóde ìnáwó kì í ṣe kékeré. Kíbọ́ọ̀dù kì í jẹun, kì í sì í wọ bọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù kò mọ ọmọ ẹni tó wọlé. Gàngan ló ń kí ọmọ Lísàbí, tó ń ki oríkì bàbá rẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi wú. Ìlù ni Àyìnlá Ọmọwúrà gbé àpàlà rẹ̀ lé títí tó fi kú l'Abẹ́òkúta ní 1980, tí fíìmù Túndé Kèlání tún rán àwọn ọ̀dọ́ létí rẹ̀ ní 2021. Terry Apala náà ń fi ohùn àpàlà kọrin lórí ìlù kọ̀ǹpútà, èyí tó fi hàn pé ohùn kò ní parun. Onílù ni ọ̀ràn kàn.

Ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìnáwó ni àtúnṣe wà. Bí ẹ bá fẹ́ háyà olórin, ẹ béèrè pé, "Onígàngan mélòó lẹ ń kó bọ̀?" Bí onígàngan kò bá rówó nídìí ìlù mọ́, kò ní kọ́ ọmọ rẹ̀. Bí kò bá sì kọ́ ọmọ rẹ̀, ta ni yóò ki wá lọ́la?