Nípa Sítíárìn Tí Ó Dẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Ìjàpá

Lónìí a fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ nínú ilé yín sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní Volkswagen kékeré nì tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to irú rẹ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Ní ọdún 2003 ni a sì ṣe èyí tí ó kẹ́yìn gbogbo wọn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Nítorí náà kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè pè ní ọmọdé mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àrùn ogbó wọn ni pé sítíárìn a máa dẹ̀: awakọ̀ yóò yí i díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ṣùgbọ́n táyà kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni pe òun.

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ní ọ̀kan tí a tò ní ọdún 1978. Nígbà kan a ṣàkíyèsí pé, bí a bá wà lójú ọ̀nà títọ́, ọkọ̀ náà a máa rìn bí ẹni tí oorun ń kùn. Mọ́kálíìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó fi sukudiráfà fún ìdè tí ó wà lórí àpótí sítíárìn le, ó ní, “Ó ti tán.” Lóòótọ́ sítíárìn náà le dáadáa, inú wa dùn, a sì sanwó.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta a gbé ìyá wa lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí a yà ní kọ́nà kan, a dẹ ọwọ́ kí sítíárìn lè padà sí ààyè rẹ̀ fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò padà. Ó dúró gan-an bí a ti yí i, ọkọ̀ sì dorí kọ gọ́tà. Ọwọ́ méjèèjì ni a fi fà á bọ̀. Ó ku díẹ̀ kí ẹsẹ̀ iwájú kó sínú kòtò. Ìyá wa kò sọ ọ̀rọ̀ kankan títí a fi dé ibi tí à ń lọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n wí pé, “Ọmọ mi, bọ́ọ̀sì ni n óò wọ̀ padà.”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju gọ́tà lọ. A gbé ọkọ̀ náà tọ àgbà mọ́kálíìkì kan lọ, a sì rò fún un. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, orí ni ó ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ ni o fi oògùn pa.” Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ọjọ́ náà ni a fẹ́ kọ́ yín.

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ wo afẹ́fẹ́ inú táyà, nítorí táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó a máa mú ọkọ̀ rìn ségesège bí ẹni pé sítíárìn ni ó bàjẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí táyà iwájú dojú kọ ọ̀kánkán, kí ẹ sì fi ìka kan ṣoṣo yí sítíárìn lọ sí ọ̀tún àti sí òsì títí táyà yóò fi fẹ́ mira. Bí etí sítíárìn bá rìn ju ínṣì 1 lọ kí táyà tó mira, àyẹ̀wò tọ́ sí i.

Ẹni méjì ni ó ń ṣe àyẹ̀wò náà. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn. Ẹ má sì ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ láéláé bí ó bá jẹ́ jáàkì nìkan ni ó gbé e dúró. Nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí ẹnì kan máa mi sítíárìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì máa wo ibi tí ìmì náà ti ń sọnù. Kí ó wo rọ́bà kékeré tí ó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ àpótí, bóyá ó ti ya. Kí ó wo ìdè tí ó mú àpótí náà mọ́ irin iwájú. Kí ó fi ọwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan ti àwọn ọ̀pá tí ó lọ sí ẹsẹ̀ táyà, èyí tí àwọn mọ́kálíìkì ń pè ní táì-rọ́ọ̀dù. Èyí tí ó bá ti jẹ ni yóò máa kan ọwọ́ rẹ̀ kọ̀-kọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè sórí ẹsẹ̀ irin. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń mì, kí ẹnì kejì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bí ìmì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ni ó dẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ wo oríkèé tí ó gbé ẹsẹ̀ táyà ró. Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín: nọ́ọ̀tù bíárìn ti táyà òsì iwájú kì í yí bí ti ìyókù, sí ọ̀tún ni a ń yí i kí ó tó tú. Ọ̀pọ̀ ni ó ti fi agbára bà á jẹ́ nítorí àìmọ̀.

Oríkèé táì-rọ́ọ̀dù kan ni ó jẹ nínú ọkọ̀ wa, bíárìn òsì sì dẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe àpótí sítíárìn rárá. Bàbá pààrọ̀ oríkèé náà, nítorí a kì í lẹ̀ ẹ́. Wọ́n fún bíárìn ní ìwọ̀n, wọ́n sì rán wa lọ sí ibi tí a ti ń to ẹsẹ̀ táyà kí ó lè dọ́gba.

Ní ìkẹyìn ni wọ́n tó fọwọ́ kan àpótí náà. Wọ́n tú nọ́ọ̀tù tí ó há ìdè orí rẹ̀, wọ́n yí ìdè náà padà sẹ́yìn, wọ́n sì rọra yí i wọlé títí ó fi kàn díẹ̀. Wọ́n dì í mú síbẹ̀, wọ́n sì fún nọ́ọ̀tù náà. Nígbà tí iwájú ọkọ̀ ṣì wà lókè, wọ́n yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kò gbọdọ̀ há níbì kan. Lójú ọ̀nà pẹ̀lú, ó gbọdọ̀ padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà. Bí kò bá padà, ìdè náà ti le jù, kí a dẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá sì dẹ̀ ní àárín ṣùgbọ́n tí ó há ní ẹ̀gbẹ́, àpótí náà ti jẹ tán. A kò lè fi ìdè wò ó sàn.

Ẹ̀yin ará ilé, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí sítíárìn yóò kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ohunkóhun le kí ó tó wá ibi tí ó dẹ̀.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìyá wa tún bá wa lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní kọ́nà ọjọ́sí a dẹ ọwọ́, sítíárìn sì padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá wa sùn títí a fi dé ibẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.