Ìròyìn Àṣìṣe Kì Í Ṣe Òfófó

Gbogbo ẹni tó ti jókòó rí lórí bẹ́ǹṣì níwájú wọ́ọ̀dù ló mọ gbólóhùn náà: "A ti sa gbogbo ipá wa." Wọ́n á gbé òkú fún ẹbí, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an á sì bá òkú wọlẹ̀. N kò ní dúró máa ka ohun tó ń fa àṣìṣe. Òṣìṣẹ́ kò tó, iná kò sí, owó oṣù ń pẹ́. A mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà ni kí ilé ìwòsàn ṣe àṣìṣe lánàá, kó tún ṣe é lónìí, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ ti àná sílẹ̀.

Ohun tí à ń bèèrè kò ju èyí lọ: kí a kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera, látorí dókítà dórí ẹni tó ń gbálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn nígbà tí ìtọ́jú bá pa aláìsàn lára, tàbí tó kù díẹ̀ kó pa á lára.

Ẹ gbọ́ èsì tí wọ́n ń fún wa: "Ṣé ẹ fẹ́ sọ nọ́ọ̀sì di olófòófó ni? Ta ni yóò máa fẹjọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sùn?" Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ló ń sọ ọ́, bí ẹni pé ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń gbèjà.

Ta ni olófòófó? Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ lọ síbi tí kò kàn ni, kí ojú ẹlòmíràn lè tì, kí òun sì rí ojúrere ọ̀gá. Láìsí orúkọ ènìyàn, òfófó kò ní ẹsẹ̀. Ìròyìn tí à ń wí kò nílò orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo potassium chloride inú ìgò kékeré: bí a bá gún un sí iṣan láìpò ó, ó lè dá ọkàn dúró. Ká ní inú àpótí kan náà ni wọ́n kó o sí pẹ̀lú omi tí a fi ń po abẹ́rẹ́, tí ìgò méjèèjì sì jọra. Lóru, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó mú èyí tí kò yẹ, ó ti fà á sínú sírínjì kó tó ka ara ìgò. Ó dà á nù, ó ní orí ló kó aláìsàn yọ, ó sì panu mọ́. Àpótí ṣì wà bó ṣe wà. Lóru ọ̀la, nọ́ọ̀sì mìíràn ni yóò na ọwọ́ síbẹ̀, ó sì lè má ka ara ìgò. Bí ti àkọ́kọ́ bá kọ ọ́ pé, "Ìgò méjèèjì jọra, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀," ẹjọ́ ta ló rò? Ẹjọ́ àpótí ni.

Láàárín 2008 sí 2009, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Diethylene glycol, èròjà olóró, ló wà nínú rẹ̀. Ìyá ló fi owó ara rẹ̀ rà á, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú sọ́mọ lẹ́nu. Àwọn dókítà rí i pé ọmọ lẹ́yìn ọmọ kò tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi tó ìjọba létí, NAFDAC sì kó oògùn náà kúrò lórí àtẹ. Ṣé olófòófó ni àwọn dókítà yẹn? Kí ẹni tó bá láyà lọ sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ìyá náà! Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́. Aṣọ ọmọlúàbí ni àwọn àgbà iṣẹ́ yẹn fi ń bo ìbẹ̀rù: ìbẹ̀rù kúẹ́rì, ìbẹ̀rù pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n á di ẹrù lé lórí.

Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Bí a bá kọ́ nọ́ọ̀sì láti ròyìn, tí a kò sì dáàbò bò ó, a tàn án ni. Ní Amẹ́ríkà, láti 1976, NASA ni awakọ̀ òfurufú ń kọ ìròyìn àṣìṣe rẹ̀ sí, kì í ṣe àjọ tó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Denmark, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004 pa á láṣẹ fún òṣìṣẹ́ ìlera láti ròyìn, ó sì ka ìyà jíjẹ ẹ́ nítorí ìròyìn yẹn léèwọ̀. Kí àwọn aṣòfin wa ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi, tàbí tó mutí yó wá síbi iṣẹ́, kò ní sí lábẹ́ ààbò náà. Ẹbí tó bá sì fẹ́ lọ sílé ẹjọ́ yóò lè lọ.

Ẹ̀kọ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, tí a ó jẹ ìrẹsì, tí a ó fọwọ́ síwèé, tí a ó gba owó ọkọ̀. Inú wọ́ọ̀dù ni kó ti wáyé, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ òru bá ń fa iṣẹ́ lé àwọn ti òwúrọ̀ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí orí kó aláìsàn yọ nínú rẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kú, ọwọ́ kò sì ní gbọ̀n: kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, nígbà wo, kí ló dá a dúró? Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó kọ ọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ti tún ṣe. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, kò ní kọ èkejì.

Lẹ́yìn ìyẹn: fọ́ọ̀mù ìròyìn àṣìṣe lédè Yorùbá fún àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, nọ́mbà fóònù kan fún ẹbí, ẹ̀kọ́ yìí kan náà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì láti ọdún kìíní, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni náà, kí wọ́n má yọ ara wọn.

Láti 2019, ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ni Ọjọ́ Ààbò Aláìsàn lágbàáyé. Kí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan dìde lọ́jọ́ náà lójú àwọn ará ìlú, kó ka àṣìṣe mẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀ lọ́dún náà, kó sì mú wa lọ wo ohun tí wọ́n ti tún ṣe níbẹ̀. Bí kò bá rí ẹyọ kan kà, kó sọ ìyẹn náà fún wa.