Ẹ̀rọ Ìlò Ló Yẹ Kí Oníṣòwò Rà, Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ Ẹ̀yẹ

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ Mallard ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Lọ́jọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 1938, ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ LNER yìí, tó ń fi èédú se omi kó tó lè rìn, sáré dé ìwọ̀n máìlì 126 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n 35 péré ni wọ́n ṣe nínú irú rẹ̀. Oníṣòwò tó ń wá ọgbọ́n, ẹ́ńjìnnì Black Five ló yẹ kó wò.

Ọdún 1923 ni wọ́n da àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè kan pọ̀ di LMS. Oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì ni LMS jogún, páàtì ọ̀kan kò sì bá èkejì mu. Lọ́dún 1932, wọ́n gba William Stanier láti wá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Black Five rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1934. Nígbà tó fi máa di ọdún 1951, wọ́n ti ṣe 842.

Kì í ṣe eré ló gbé e níyì. Ó ń kó èrò, ó sì ń fa ẹrù. Awakọ̀ tó bá ti mọ ọ̀kan wà lè wa èkejì, páàtì wọn sì jọra. Ooru àwọn àkọ́kọ́ kò tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n Stanier kò pa wọ́n tì, ńṣe ló ṣàtúnṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré kì í rò nìyí. Wọ́n á fi owó ẹ̀yáwó ra ẹ̀rọ tí gbogbo àdúgbò ń wò, tó jẹ́ pé mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, iṣẹ́ á dúró, ṣùgbọ́n èlé orí owó kò ní dúró.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ tó lẹ́wà máa ń fa oníbàárà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá ló lè ra ẹ̀rọ nítorí ìpolówó. Ẹni tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń bọ́ ilé rẹ̀ kò lè dán irú ẹ̀ wò.

Ọdún 1963 ni Mallard fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ ọdún 1968, nígbà tí rélùwéè ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ́ńjìnnì eléèédú kó èrò kẹ́yìn lójú ọ̀nà ńlá rẹ̀, Black Five wà lára àwọn tó fa ọkọ̀ náà.