Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ìjọ Mọ Ibi Tí Ẹ̀kọ́ Ìgbàsókè Ti Wá

Ẹ̀kọ́ ìgbàsókè kì í ṣe àjèjì nínú àwọn ìjọ ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọ Deeper Life, tó dìde láti inú ẹ̀kọ́ Bíbélì tí Olùṣọ́-àgùntàn W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1973, nígbà tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ní ẹ̀kọ́ 22 tó fi lélẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìgbàsókè wà níbẹ̀, ìpọ́njú ńlá wà níbẹ̀, ìpadàbọ̀ Kristi àti ìjọba ẹgbẹ̀rún ọdún náà wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn ló ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọmọ ìjọ kì í sábà gbọ́ ni pé ọ̀nà kan pàtó tí a ń gbà ka Bíbélì ló bí ètò yìí, pé àwọn èèyàn kan ló la ọ̀nà náà, òfin sì wà tó ń darí rẹ̀. Ó tọ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

John Nelson Darby ló to ètò náà pọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1800. Ó kàwé ní Trinity College ní Dublin, ó di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ireland, kó tó kúrò níbẹ̀ lọ bá àwọn tí a wá mọ̀ sí Plymouth Brethren. Pé Kristi yóò jọba láyé fún ẹgbẹ̀rún ọdún kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nígbà náà: Justin àti Irenaeus ti gbà á gbọ́ ní ọ̀rúndún kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Augustine kọ̀ ọ́ lẹ́yìn wọn, tó ní ìgbà ìjọ tí a wà nínú rẹ̀ yìí gan-an ni ẹgbẹ̀rún ọdún náà. Ohun tí Darby fi kún un, láti nǹkan bí ọdún 1830 wá, ni pé Kristi yóò kọ́kọ́ wá mú ìjọ lọ ṣáájú ìpọ́njú ńlá, èyí tí a ń pè ní ìgbàsókè, lẹ́yìn náà ni yóò tó padà wá jọba.

Bíbélì kan ló gbé ẹ̀kọ́ yìí dé ọwọ́ mùtúmùwà. C. I. Scofield, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tó di olùṣọ́-àgùntàn, kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé Ìwé Mímọ́, Oxford University Press sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1909. Ó pín ìtàn aráyé sí sáà méje: àìlẹ́ṣẹ̀, ẹ̀rí-ọkàn, ìṣàkóso ènìyàn, ìlérí, òfin, oore-ọ̀fẹ́ àti ìjọba. Ní sáà kọ̀ọ̀kan, Ọlọ́run gbé ojúṣe lé ènìyàn lọ́wọ́, ènìyàn kùnà, ìdájọ́ sì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀dà ló tà. Lójú-ewé kan náà ni òǹkàwé ti ń bá ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàdé lókè àti ọ̀rọ̀ Scofield nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì fi ààlà sáàárín méjèèjì mọ́.

Ní 1965, Charles Ryrie, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Dallas Theological Seminary, kó òfin ọ̀nà náà jọ sí mẹ́ta. Èkíní, kí a ya Ísírẹ́lì sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọ. Èkejì, kí a máa túmọ̀ Bíbélì bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe dún, títí kan àsọtẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a mọ̀ pé ògo Ọlọ́run ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dá lé.

Dáníẹ́lì orí kẹsàn-án ni a ti rí bí òfin wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Áńgẹ́lì sọ fún wòlíì náà nípa ọ̀sẹ̀ 70. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá dúró fún ọdún méje, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 490 ọdún. Àwọn ọmọlẹ́yìn Darby ní ọ̀sẹ̀ 69 ti pé nígbà tí Mèsáyà dé. Nígbà tí Ísírẹ́lì kọ̀ ọ́, ìṣirò dúró, sáà ìjọ bọ́ sí àárín, ọ̀sẹ̀ tó kù sì ni ọdún méje ìpọ́njú tó ń bọ̀. Ibí yìí gan-an ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ti béèrè ọ̀rọ̀. Dáníẹ́lì kò dárúkọ àlàfo kankan láàárín ọ̀sẹ̀ 69 àti ìkẹyìn, àwọn Kristẹni mìíràn sì gbà pé ọ̀sẹ̀ náà tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àmọ́ èsì wà. Nínú Lúùkù orí kẹrin, Jésù ka Àìsáyà ní Násárẹ́tì, ó dúró sí ibi ọdún ìtẹ́wọ́gbà Olúwa, kò ka ọjọ́ ẹ̀san tó tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n gbà pé kò tíì dé. Bí àlàfo bá lè wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀, wọ́n ní ó lè wà nínú Dáníẹ́lì náà. Èsì tó lágbára ni, ọmọ ìjọ tó gbọ́ ìbéèrè àti èsì yóò sì mọ ìdí tí òun fi gba ohun tí òun gbà.

Ìmọ̀ yìí wúlò fún ohun tó súnmọ́ wa ju ìpọ́njú ńlá lọ. Àdúrà pé kí èèyàn jẹ́ orí, kó má jẹ́ ìrù, ó ti inú Diutarónómì orí 28 wá. Ẹsẹ 68 ni orí náà ní. 14 jẹ́ ìbùkún, 54 tó kù jẹ́ ègún, Ísírẹ́lì ni Mósè sì ń bá sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀. Oníwàásù tó ya Ísírẹ́lì sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọ lọ́jọ́ tó ń kọ́ni ní ìgbàsókè kò lè pa wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ tó ń ṣèlérí ọrọ̀ fún oníṣòwò, kó sì fo ègún inú rẹ̀. Bí òfin náà bá tọ́, ó gbọ́dọ̀ tọ́ ní ojú-ewé méjèèjì.

Àwọn tó ni ẹ̀kọ́ náà pàápàá kò jókòó sójú kan. Nígbà tí wọ́n tún Bíbélì Scofield ṣe ní 1967, wọ́n yí àlàyé Jòhánù 1:17 padà, nítorí àwọn alátakò ní ti tẹ́lẹ̀ mú kó dà bíi pé ọ̀nà ìgbàlà méjì ló wà. Ní 1993, Craig Blaising àti Darrell Bock kọ̀wé pé ìlérí tí Ọlọ́run ṣe fún Dáfídì ti ń ṣẹ nínú Kristi báyìí, pé kì í ṣe ọjọ́ iwájú nìkan ni ó ń dúró dè. Bí wọ́n bá lè yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Ìbàdàn kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àìyẹ̀wò ló fún Edgar Whisenant, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, láyè. Ó ka 40 ọdún sórí 1948 tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀, ó sì kéde pé oṣù Kẹsàn-án 1988 ni ìgbàsókè. Oṣù náà kọjá. Kí àwọn olùkọ́ gbé Dáníẹ́lì 9, Lúùkù 4, Diutarónómì 28 àti 1 Tẹsalóníkà 4, tí wọ́n fi ń ti ìgbàsókè lẹ́yìn, kalẹ̀ níwájú ọmọ ìjọ, kí wọ́n dárúkọ Darby àti Augustine fún wọn, kí wọ́n sì fún wọn láyè láti béèrè. Ẹni tó bá tún dá ọjọ́ mìíràn yóò bá àwọn tó lè bi í pé ẹsẹ wo ló kà, àti ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pàdé.