Agogo Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ Gbé Sínú Géèmù

Ẹni tí kò ta géèmù olórin rí, tó wá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọdé kan ní Àgbádárìgì kó lè wo ohun tó gbà á lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni àwọn pátákó dúdú tí ń já bọ̀ látòkè. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kọjá ìsàlẹ̀, ìka gbọ́dọ̀ ti kàn án. Bí ìka bá ń kàn wọ́n déédéé, orin ń jáde. Bó bá ṣì í kàn, eré parí nìyẹn. Piano Tiles tó gbòde ní 2014 wà lára àwọn tó sọ irú géèmù yìí di ti tọmọdé tàgbà, nítorí kò béèrè ju ojú fóònù àti ìka méjì lọ. Ṣùgbọ́n irú eré bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé: ní 1996 ni PaRappa the Rapper jáde ní ilẹ̀ Japan, nígbà tó sì fi di 2005, wọ́n ti ń fi kálámù kékeré tọ́ ojú ẹ̀rọ géèmù Nintendo DS nínú Osu! Tatakae! Ouendan.

Eré náà dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbà tó ń sọ pé yóò gba ìlù lọ́wọ́ àwọn ọmọ kò tíì jókòó ti ọmọ tó ń ta á. Ọmọ tí kì í fetí sí olùkọ́ rárá ń tẹ́tí sí ìró kan ṣoṣo títí ojú rẹ̀ fi ń pọ́n. Ibi tí ẹjọ́ wà ni ohun tí eré náà ń pè ní ìlù. Lójú tirẹ̀, ìlù jẹ́ okùn kan tí wọ́n ti nà sílẹ̀ kí ẹni tó ń ta á tó dé. Kí onítọ̀hún ṣáà máa sáré tẹ̀lé e ni. Kò sẹ́ni tó ń gbè é, kò sì sẹ́ni tó gbára lé e.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ àwọn Ògù, láti Àgbádárìgì títí dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, irin ló ń di ìlù mú. Agogo, tí wọ́n ń pè ní gan, á máa dún láìyí padà, àwọn ìlù yòókù á sì gbára lé e. Ọ̀kan nínú àwọn ìró agogo tó gbajúmọ̀ jù, láti ọ̀dọ̀ àwọn Ewe ní Togo àti Ghana dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, ni èyí tí àwọn onímọ̀ orin ń pè ní kónkóló. Kíkà rẹ̀ kò le. Ká pín àkókò kan sí ọ̀nà 12 ọgbọọgba. Agogo á dún lórí ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkẹwàá àti ìkejìlá. Kí ẹnì kan wá máa pàtẹ́wọ́ lórí ìkíní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá: ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọwọ́ rẹ̀ àti agogo yóò pàdé. Bó bá wá ń pàtẹ́wọ́ lórí ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkọkànlá, agogo kan náà á di òmíràn létí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, alágogo kò yí ohunkóhun padà. Àárín ènìyàn méjì ni adùn yẹn wà. Ìka kan kò lè dá a mú. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní etíkun ilẹ̀ wa gbé ìró agogo yìí dé Cuba, ó sì ń dún níbẹ̀ títí dòní.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀rọ kò lè wọn irú ìró bẹ́ẹ̀. A. M. Jones, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Ìlú Ọba tó ti sìn ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Zambia lónìí, ṣe ẹ̀rọ kan fún un. Desmond Tay, ògbóǹtarìgì onílù Ewe, á fi ọ̀pá irin kan irin pẹlẹbẹ, iná mànàmáná á sì fi àmì sílẹ̀ sórí bébà tó ń rìn lọ. Ìwé alápá méjì, Studies in African Music, ló tibẹ̀ jáde ní 1959. Irin tí ọwọ́ ń kàn, àmì tí ń rìn: kí ló kù kó di géèmù? Àmọ́ nígbà yẹn, onílù ló ṣáájú, ẹ̀rọ ń tẹ̀lé e. Géèmù òde òní ti gbé ẹ̀rọ síwájú.

Àwọn ará Japan kò dúró de ẹlòmíì. Láti 2001 ni ilé iṣẹ́ Namco ti gbé ìlù taiko wọn sínú géèmù Taiko no Tatsujin: àmì pupa fún ojú ìlù, àmì búlúù fún etí rẹ̀. Wọ́n gé ìlù náà kúrú, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ta á mọ̀ pé ojú àti etí ìlù kì í dún bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù ìlù ti Àgbádárìgì lè torí èyí sáré lọ sídìí Sàtó, ìlù gìrìwò tí àwọn ọkùnrin ń jó yí ká bí wọ́n ṣe ń fi igi lù ú. Yóò rẹwà lójú fóònù lóòótọ́. Òun gan-an ni kò yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Sàtó ní àwọn tó ni í, kì í sì í ṣe ohun ìṣeré. Yàtọ̀ sí èyí, ẹsẹ̀ ló gbé ìdajì rẹ̀: ẹni tó jókòó sórí àga, tó ń fi àtàǹpàkò kan gíláàsì, kò tíì lu Sàtó.

Agogo rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní wàhálà tirẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android olówó pọ́ọ́kú, ìró kì í jáde lójú ẹsẹ̀ tí ìka bá kan gíláàsì. Bí íápíìsì Bluetooth bá tún wà létí, ó burú sí i. Nígbà tí ìkarùn-ún àti ìkẹfà ti fara kanra, ìdádúró díẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kí géèmù náà kọ́kọ́ wọn ìdádúró fóònù tó wà lórí rẹ̀, kó sì yọ ọ́ kúrò nínú máàkì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pín ojú fóònù sí méjì: ọmọ kan á mú agogo, èkejì á mú àtẹ́wọ́. Bí ọ̀kan bá ṣìnà, kí máàkì àwọn méjèèjì jọ lọ sílẹ̀. Kí wọ́n ṣe é kó má máa jẹ dátà. Kí wọ́n sì sanwó fún àwọn alágogo Ògù tí wọ́n bá gba ìró irin wọn sílẹ̀, kí orúkọ wọn wà lójú géèmù náà pẹ̀lú orúkọ àwọn tó ṣe é.