Ẹ Dìde, Ẹ Lọ Bá A

Ohun tí a ń rí nínú ìjọ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyí. Bí àlùfáà bá ní kí olúkúlùkù kí ẹnìkejì rẹ̀ ní àlàáfíà, ìyá kan á nawọ́ sí ọ̀tún, á nawọ́ sí òsì, á tún yí sẹ́yìn bọ àwọn ọmọdé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní wo ibi tí ìyá kejì jókòó sí. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Owó aṣọ ẹbí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n sì ti yan ara wọn lódì láti ìgbà náà. Kò ní pẹ́ sí i, àwọn méjèèjì á kúnlẹ̀ síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, wọ́n á mu nínú ife kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí a ti wá sọ kùnrùngbùn di iṣẹ́ ẹ̀mí. Ẹni tó bá ti bá wa jà ti di ọ̀tá ilé. A gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ìṣọ́ òru, a ní kí iná jó o, a ní kó ṣubú lulẹ̀. Jésù ní ká gbàdúrà fún ọ̀tá. Bí mo bá fi gbogbo òru bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnì kan ṣubú, ẹsẹ̀ wo ni n ó fi rìn lọ sílé rẹ̀ láàárọ̀ láti parí ìjà?

Ìlànà tó wà nínú Mátíù orí 18 kò ṣòroó yé. Bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, ìwọ àti òun nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání. Bí ìyẹn náà kò bá yanjú rẹ̀, ìgbà náà ni ìjọ tó lè gbọ́. Àwa ti dorí rẹ̀ kodò. Orí WhatsApp ìjọ lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Àwọn ọ̀rẹ́ wa á ti dá ẹjọ́ láì gbọ́ tẹnu ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tọ́rọ̀ kàn gan-an ló ń gbọ́ kẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ àwa la ṣẹ ẹlòmíràn, Mátíù orí 5 ní ká fi ọrẹ wa sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, ká kọ́kọ́ lọ bá a làjà ná. Ẹni tó ṣẹ̀, kó lọ. Ẹni tí a ṣẹ̀, kó lọ. Kò sí ẹni tí Jésù ní kó jókòó máa retí ẹnìkejì.

Àwọn àlùfáà wa àtijọ́ mọ èyí. Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877. Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, Ẹkìtì Parapọ̀, àwọn Ẹkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ láti kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, ọdún ń gorí ọdún. Ní 1881, Samuel Johnson, òjíṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, gbé lẹ́tà Aláàfin Adéyẹmí lọ fún gómìnà ní Èkó, kí gómìnà lè bá wọn dá sí ìjà náà. Kò yanjú. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà tó wà ní Oǹdó, sí àwọn tó ń jà. Wọ́n gbọ́ tẹnu Ìbàdàn, wọ́n gbọ́ tẹnu Ògèdèǹgbé, olórí ogun Ẹkìtì Parapọ̀, àti àwọn tirẹ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n gbé èsì bọ̀, títí àwọn tó ń jà fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lọ́dún náà. Ìbàdàn ni Johnson dàgbà sí. Bó bá gbè lẹ́yìn àwọn tirẹ̀, kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ onílàjà ló yàn.

Àdéhùn ọ̀hún kò fi ẹnu lásán ní kí wọ́n gbàgbé. Ó sọ ohun tí oníkálukú yóò gbà: Ẹkìtì Parapọ̀ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, Ìgbájọ àti àwọn ìlú mélòó kan dúró sọ́dọ̀ Ìbàdàn, ẹni tí kò bá sì fẹ́ nínú wọn lè kó lọ. Ó tún ní kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀ níbi tí wọ́n wà, èyí kò sì ṣẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ kò tán nílẹ̀. Ó gbẹ̀mí ní 1981, ó tún gbẹ̀mí láti 1997 sí 2000. Egbò tí a dì láì wẹ̀ kì í jinná.

Nítorí náà, ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dá a padà. Ẹni tó ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe níbi tó ti bà á jẹ́. Obìnrin tí ọkọ ń lù, tí àwọn àgbà ìjọ ní kó padà lọ fara dà á, àlàáfíà kọ́ ni wọ́n fún un. Ó lè dárí ji ọkọ náà, kó má sì gbà kó tún na òun mọ́. Ìkórìíra ni Krístì ní ká sọ nù, kò ní ká sọ òtítọ́ nù.

Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ mọ àwọn tí kì í kí ara wọn nínú ìjọ yín. Ẹ pè wọ́n jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ ẹni tí ẹ yàn lódì. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ẹ má rán ọmọ. Ẹ lọ sílé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má wo ti pé ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ ohun tó dùn yín, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó dun òun náà. Bó bá lé yín, ẹ mú àgbà kan tí ẹ jọ ń bọ̀wọ̀ fún dání, kí ẹ tún padà lọ.